Ta Ni Yóò Tú Okùn Ayé?

Nígbà tí Iléyá tó kọjá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Adégbàyí láti ra ata. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ọdún bá ti ń súnmọ́lé: àgbò lọ́tùn-ún, àgbò lósì, òórùn koríko gbígbẹ àti ti ìgbẹ́ ẹran, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń fọn fèrè mọ́ra wọn lórí bí ẹni pé ọ̀nà náà bàbá wọn ló ṣí i. Láàárín ariwo yẹn ni etí mi ti mú ohùn kan. Kì í ṣe igbe. Ẹran tó bá ṣì lè ké, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì burú. Èyí ń fín bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ tútù gba inú ihò tóóró. Mo yíjú, mo sì rí i: àgbò funfun kan tó ti pòòyì èèkàn títí tí okùn fi tán mọ́ ọn lọ́rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi.

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo di ìwo ẹran náà mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn yí èèkàn náà ká, èmi abiyamọ àgbà tòun ti ìbòrí lórí, láàárín ọjà. Ẹni tó ni ẹran wò mí títí.

"Alájà, ṣé ẹ máa rà á ni?"

Mo ní rárá.

"Ijó wá lẹ wá bá a jó?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi ìwo ẹran náà sílẹ̀. Ẹ̀rù tó mú mi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe ti ọjọ́ náà. Ó ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ní Erúnmu.

Ní agboolé wa nígbà náà, kò sí ẹran tó ń rìn kiri lásán. Ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ìlú ń gbìn, orí àpáta sì ni àwọn ìyá wa ti ń sá láfún. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó bá já lọ síbẹ̀ lè dá ìjà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Nítorí náà, èèkàn ló wà lẹ́yìnkùlé ilé gbogbo, ewúrẹ́ sì wà lẹ́nu okùn. Ẹ sì mọ ìwà ewúrẹ́. Yóò máa jẹ koríko yí èèkàn po, yóò máa lọ apá kan náà, okùn yóò máa wé, yóò máa kúrú, òun alára kò ní mọ̀ títí tí kò fi ní ríbi yí ọrùn sí. Kò ní í ronú láé pé òun lè yí padà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa sọ pé, "Ẹran kò gbọ́n ọgbọ́n àtiyí padà. Ẹni tó so ó ló gbọ́n ọn fún un."

Nínú wa, kò sí ẹni tó ní aago. Ìrun ni aago wa. Bí ládàánì bá ti pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, tí àwọn àgbà bá ti kírun tán, ọmọdé kan gbọ́dọ̀ lọ tú ẹran, kó dì í mú, kó fi ẹ̀yìn rìn yí èèkàn títí okùn á fi nà tán. Ó tún di Àsárì, ó tún di Mùgúrúbì. Ìyá Àgbà kì í bu oúnjẹ kí ó má kọ́kọ́ béèrè pé ta ló tú ẹran. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, àwo gbogbo wa á dúró lófìfo.

Ọjọ́ kan ni èmi àti Sùwébá rí ìdí rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì lọ síbi òkú ní Lálúpọn, gbogbo wọn pátá, wọn kò fi ẹnikẹ́ni sílé. Nígbà tí a gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ewúrẹ́ wọn ti wé tán. Ó dùbúlẹ̀ ti èèkàn, ó gbé ẹnu lé igi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí fún un, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. N kò lè gbàgbé ojú yẹn. Koríko tútù pọ̀ ní ibi tí okùn náà ìbá ti dé.

Sùwébá tí mo ń wí yìí, àbúrò bàbá mi ló bí i. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, orí ẹní kan náà la ń sùn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ìbéèrè rẹ̀ sì pọ̀ débi pé Ìyá Àgbà ń pè é ní Ìyáàfin Kí-ló-dé. Àwa méjèèjì ni ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní agboolé wa. Àwọn bàbá wa kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ojú kan ni wọ́n fi fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Akínyẹlé tó ń yan gàrí tà, tí ọwọ́ kì í tó iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí wa ló máa ń sọ pé, "Èyí tí ìwé bá kọ̀ nínú wọn, ẹ fi ṣọwọ́ sí mi." Á wí i tẹ̀ríntẹ̀rín, á sì fọwọ́ pa wá lórí. Orí mi a máa tutù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn.

Tíṣà tó kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì ni Ọ̀gá Fọlárìn. Láti Ìbàdàn ló ti ń gun alùpùpù wá lójoojúmọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí irúgbìn, bàbá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ń kírun, òun náà sì mọ bí a ti ń kí èèyàn ní ọ̀nà méjèèjì. Ó fẹ́ràn kí nǹkan yéni. Lọ́jọ́ kan, ó kó wa jáde sí pápá, ó gbé odidi àgbọn kan kalẹ̀ láàárín, ó ní oòrùn nìyẹn. Ó wá fi ẹyọ ọkà bàbà kan lé Sùwébá lọ́wọ́, ó ní ilé ayé nìyẹn, tòun ti òkun, tòun ti Erúnmu, tòun ti gbogbo wa. Ó ní kí ó gbé e dé ìdí igi máńgòrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ó wá máa yí àgbọn náà ká láti ibẹ̀. Sùwébá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó di ọwọ́ mọ́ ọkà náà, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹyin. Àwa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wá ní kí á gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní gbogbo ohun tó wà láyé, iyọ̀ tí a ń jẹ, èékánná wa, àgbọn náà fúnra rẹ̀, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ni wọ́n fi ṣe é, átọ̀mù ni orúkọ wọn. Nínú átọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ó ní, kókó kan wà láàárín bí oòrùn, àwọn nǹkan tó kéré jù ú lọ sì ń yí i ká bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká. Ó ní bó bá jẹ́ pé àgbọn yìí ni kókó náà, Sùwébá kò ní dúró nídìí máńgòrò mọ́ o. Ọ̀hún Adégbàyí ni yóò ti máa yí i ká.

A tún rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè pé kí ló wá wà láàárín Erúnmu àti Adégbàyí nínú átọ̀mù náà. Ọ̀gá ní, "Òfìfo ni." Ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀.

Ó rí i lójú wa, ó fẹ́ fún wa ní nǹkan tí ọwọ́ wa lè dì mú. Ó ní kò séwu, agbára kan tí ojú kò rí ló fà wọ́n mọ́ra. Ó ní kí a kà á sí okùn. Ó mọ irú ọmọ tó ń kọ́. Ó ní, "Bí ẹran yín nílé ṣe ń yí èèkàn ká, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Mo wo Sùwébá lọ́ọ̀ọ́kán nídìí máńgòrò. Ó ti dúró. Ó na ọwọ́ tó ṣófo sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ta ló ń tú u?"

Agogo ilé ẹ̀kọ́ dún lé e lórí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ó fi ìbéèrè náà pa mọ́ di ọjọ́ tí a ó tún pàdé. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn tíṣà ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ìbéèrè náà sì bá wa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹ̀rù tí ó jẹ́. Ọmọdé a máa bẹ̀rù egúngún, a máa bẹ̀rù ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ilé wà tó lè sá wọ̀. Níbo ni èmi ó sá sí? Mo rí ara mi bí agboolé kan tó kún fún ewúrẹ́ tí kò lóǹkà, olúkúlùkù lẹ́nu okùn, gbogbo ará ilé sì ti lọ síbi òkú. Bí mo bá fi etí lé ìrọ̀rí lọ́sàn-án, tí mo gbọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dún nínú etí mi, mo ní wọ́n ń wé nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí n bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ọwọ́ mi á dúró lẹ́nu ìgò. Mo ń jókòó lórí àpótí bí ẹni tó ń jókòó lórí ẹyin, nítorí òfìfo tó wà nínú rẹ̀.

Oṣù àwẹ̀ bá wa nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dún náà. Oòrùn mú débi pé àwọn àgbà ń sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, adìẹ ń yanu kiri, ilẹ̀ là. Àwọn àgbà a máa wí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n a kò mọ̀. Sùwébá gbé ọwọ́ bojú, ó wo òkè, ó ní, "Okùn ti ń kúrú."

Òun náà ló wá ronú ohun tí a ó ṣe. Ó ní bí ẹran bá wé, kì í ṣe ẹkún là ń sun sí i, títú là ń tú u. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣófo la lọ. A gbé òkúta kan sí ibi tí àgbọn náà wà, Sùwébá mú ọkà bàbà rẹ̀ dání, a sì ń fi ẹ̀yìn rìn yí òkúta náà ká. Lẹ́yìn Àílà, lẹ́yìn Àsárì, bí ìṣe agboolé wa. Àwọn ọmọ mìíràn wá bá wa, wọ́n to sẹ́yìn wa, àwọn kéékèèké ń ṣubú lu ara wọn. Bí ẹni tó ń kọjá lọ bá rí wa, yóò rò pé eré ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Oòrùn kò dín kù. Músílíù, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tó ti ń rìn tẹ̀lé wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ló dúró lọ́jọ́ kan tó sọ̀rọ̀ tó tú wa ká. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń wé e ńkọ́?"

A wo ara wa. Apá ọ̀tún la ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló sọ fún wa pé ọ̀tún ni? Sùwébá fi igi yàwòrán sílẹ̀, ó ní oòrùn ń ti ìhà Ifẹ̀ yọ, ó ń wọ̀ síhà Ìbàdàn, ó pa á rẹ́, ó tún yà á. Ó ju igi náà nù. Ó sọ fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí ó bá jẹ́ àwa la fà á súnmọ́lé, gbogbo èyí tí a ti rìn ni a gbọ́dọ̀ rìn padà.

Lọ́jọ́ kejì, n kò rí i nílé lẹ́yìn Àílà. Mo sáré dé pápá. Òun nìkan ló wà nínú oòrùn gangan, tààwẹ̀tààwẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń yí apá òsì, ẹnu rẹ̀ funfun. Mo pè é, kò dúró. Mo ń lọ bá a nígbà tó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ foríkanlẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀.

Ojú ewúrẹ́ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo sáré títí mo fi kan Ìyá Àgbà, ìka ni mo fi júwe ọ̀nà. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n da omi sí i lórí, Ìyá Àgbà fi omi ṣúgà já àwẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lajú. Ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ sọ ni, "Ibo ni mo tú u dé?"

Bàbá rẹ̀ ké "Àúsùbílàhì." Wọ́n bi mí, mo rò gbogbo rẹ̀. Wọn kò bínú sí wa. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó rí ejò nínú ilé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ wo ni èyí tó ń mú ọmọ máa fi ẹ̀yìn rìn nínú oòrùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Akínyẹlé pé kí ẹ̀gbọ́n wọn máa bọ̀ wá kó àwa méjèèjì. Ẹ̀rù mi wá di oríṣi méjì: mo ń bẹ̀rù pé ayé yóò wé, mo sì ń bẹ̀rù pé n kò ní padà mọ́ síbi tí wọn ó ti sọ fún mi bóyá yóò wé.

Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó so ẹran náà." Ìyanṣẹ́lódì kò ì tíì parí, síbẹ̀ Ọ̀gá Fọlárìn wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n fún un ní àga, orí ẹní ló jókòó sí. Bí wọ́n ṣe rò ó fún un, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Okùn kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo mú okùn wọ̀ ọ́."

Ó ṣàlàyé pé ayé kò fara gbo nǹkan kan lọ́nà rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń wé. Ó ní ṣe ló dà bí òkò tí wọ́n jù, tó fẹ́ já sára oòrùn, ṣùgbọ́n eré tó ń sá ń gbé e kọjá ní gbogbo ìgbà. Ó wá yíjú sí Sùwébá tó fara ti ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Ó ní ti átọ̀mù yàtọ̀. Ìbéèrè tí ọmọ yìí béèrè, òun gan-an ni kò jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó tó kọ́kọ́ ya àwòrán náà sùn. Ìṣirò wọn sọ pé gbogbo átọ̀mù ló yẹ kó ti wé mọ́ kókó rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Síbẹ̀ iyọ̀ ṣì jẹ́ iyọ̀, òkúta ṣì le. Nítorí náà, àwòrán ni kò pé. Ó ní nǹkan kékeré yẹn kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ayé. Kí á kúkú fojú wò ó bí ohun tó wà lórí àtẹ̀gùn: ó lè wà lórí èyí, ó lè wà lórí ìyẹn, kò lè wà láàárín méjì, bó bá sì ti dé orí èyí tó kẹ́yìn, kò sí ìsàlẹ̀ mọ́ tí yóò bọ́ sí.

Bàbá mi ní, "Ta ló wá ṣe àtẹ̀gùn náà?"

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé tí mo kà, Bàbá."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní àlùhámúdù lílàhì, ẹni tó so ó ló gbọ́n ọn fún un.

Bàbá mi wò mí, ó bi mí bóyá mo lè padà síbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, bàbá Sùwébá, dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní àlàyé tíṣà yé òun, ó sì dùn mọ́ òun nínú. Ó ní, "Ọmọ tó ń béèrè ohun tí kò jẹ́ kí òyìnbó sùn, ilé ta ni wọn ó ti sùn?"

Sùwébá lọ sí Akínyẹlé. Àárọ̀ ni, ó jókòó sáàárín ọlọ́kadà àti ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹrù rẹ̀ wà lórí itan. Ó fi ọkà bàbà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa bá òun wò ó. Mo fi sínú ìdí gègé ìkọ̀wé kan. N kò mọ ọjọ́ tó sọnù.

Gbogbo rẹ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn, ilé ló wà níbẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n ń sé ewúrẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ń gbé ohùn ládàánì jìnnà, ọmọ kékeré ní aago nínú fóònù. Nínú fóònù ọmọ mi ni mo ti tún rí átọ̀mù níjọ́sí, kókó láàárín, àwọn nǹkan róbótó ń yí i ká, àwòrán kan náà tó dẹ́rù bà wá. Wọn kò tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ fún ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé kò pé. Mo kàwé, mo ṣe iṣẹ́ ìjọba, mo mọ̀ pé okùn kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, níbikíbi tí Àsárì bá ti bá mi, ọwọ́ mi a máa wá nǹkan láti tú.

Mo pe Sùwébá láti Adégbàyí lọ́jọ́ àgbò yẹn. Òun ló ni ẹbu tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ń yan gàrí báyìí, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò ó fún un, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ná.

"Apá ibo lo gbà yí i tó fi tú?"

Mo ní apá òsì.

Mo gbọ́ tó mí jáde, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Òsì náà ni mo ń gbà lọ́jọ́ yẹn," ló wí.